Kí O Tó Kúnlẹ̀ Lórí Òkè

Ẹ̀yin ọmọ mi, àṣà kan ti wọlé tọ̀ wá, kò sì jọ pé ó ń padà lọ mọ́. Ọmọkùnrin á mú ọmọbìnrin tó ń fẹ́ lọ sí orí àpáta, etí òkun tàbí inú ọgbà òdòdó, á fi eékún kan kúnlẹ̀, á ṣí páálí òrùka, á sì bi í bóyá yóò fẹ́ òun. Pùròpóòsì ni ẹ ń pè é. Inú máa ń bí àwọn kan nínú ẹgbẹ́ mi sí i. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni, wọ́n ní ọkùnrin Yorùbá kì í kúnlẹ̀ fún obìnrin. Èmi kò bá wọn bínú sí i. Ó dára kí ọkùnrin fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún obìnrin pé òun fẹ́ fi í ṣe aya, kí ó sì ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ó tó sọ ọ́. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ yín ń gbà ṣe é ló ń ká mi lára, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ní ìta gbangba kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ wa. Níbo ni àwọn bàbá wa ti rí àwọn ìyá wa? Lójú odò ni, níbi tí wọ́n ti ń pọnmi, lójú ọ̀nà oko, lọ́jà, níbi eré òṣùpá tí tọmọdé tàgbà ti ń jókòó síta. Ibẹ̀ lojú ti ń pàdé ojú. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá ti rí ẹni tó wù ú, tàbí bí àwọn òbí rẹ̀ bá fojú sóde tí wọ́n rí ọmọ tó gbẹ̀kọ́, alárinà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Ọmọbìnrin kì í dáhùn lójú ẹsẹ̀. Á ní òun kò tíì tó ilé ọkọ, á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun ro ó wò, á gba ẹ̀yìnkùlé sá lọ tó bá ti rí alárinà lọ́ọ̀ọ́kán. Oṣù lè gorí oṣù. Ọjọ́ tó bá wá gbà, wọ́n á ní ó ti jọ́hẹn, ọkùnrin á sì fi owó ìṣíhùn ránṣẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ilé méjèèjì ń wádìí ara wọn: ṣé kò sí wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá nínú ìdílé, ṣé wọn kì í ṣe olè, ṣé gbèsè kò tíì wọ̀ wọ́n lọ́rùn, kí sì ni Ifá wí.

N kò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ọmọbìnrin ìgbà náà ló ní ẹnu. Àwọn kan wà tí wọ́n ti fẹ́ sílẹ̀ fún ọkọ láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yìn ìyá wọn, ìdáhùn wọn kò sì ju kí wọ́n sunkún lọ. A kò gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè tí alárinà ń fi sílẹ̀ láàárín ìbéèrè àti ìdáhùn, ọgbọ́n ńlá ni. Ọmọbìnrin lè kọ̀ láìdójú ti ẹnikẹ́ni. Ó lè gbà láìsí ẹni tó fipá mú un. Àyè yẹn gan-an ni èrò àti fóònù ń gbà lọ́wọ́ ọmọbìnrin lónìí.

Mo wà lórí Òkè Olúmọ lọ́jọ́ kan, mo mú àwọn àlejò lọ wo Abẹ́òkúta láti òkè, kí wọ́n rí bí òrùlé páànù tó ti pọ́n ṣe tẹ́ lọ títí dé Odò Ògùn. Bí a ṣe dé orí àpáta, àwọn ọ̀dọ́ kan ti wà níbẹ̀ tí wọ́n fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta, pẹ̀lú páálí ńlá tí wọ́n kọ nǹkan sí. Ọmọbìnrin náà gòkè dé. Ó ti làágùn, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, báàgì rẹ̀ wà léjìká. Kò tíì sinmi tán tí ọmọkùnrin fi kúnlẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ fò jáde, ọ̀kan gbé fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀ tímọ́tímọ́, àwọn àlejò tí wọn kò mọ̀ ọ́n rí bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé, "Gbà! Gbà!" Ọmọbìnrin náà wo ọmọkùnrin, ó wo fóònù, ó tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́. Òrùka kọ́ ní oríkèé ìka, ọmọkùnrin tì í wọlé, gbogbo èèyàn hó yèè. Ọwọ́ rẹ̀ kejì ni mo ń wò ní tèmi. Ó di okùn báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tí ẹnìkan fẹ́ já a gbà. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, mo gbọ́ tó ń sọ fún ọmọbìnrin tó dúró tì í pé, "Kí ló dé tí kò bi mí nílé?"

Ìbéèrè yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ọmọbìnrin náà lè fẹ́ràn ọmọkùnrin yẹn dọ́kàn. Ó lè jẹ́ pé tó bá bi í nílé, kíá ló máa gbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè mọ̀, torí ariwo èrò ti dáhùn fún un kó tó la ẹnu.

Ọmọkùnrin, má ṣe gbé ìbéèrè tí o kò mọ ìdáhùn rẹ̀ lọ síta. Ọjọ́ orí òkè kì í ṣe ọjọ́ tí ó yẹ kí ọmọbìnrin kọ́kọ́ gbọ́ pé o ń ro ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ẹ ti gbọ́dọ̀ jókòó sọ ọ́ níbi tí ẹnìkan kò ti wò yín, kì í sì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Ibo la ó máa gbé? Bí ìwé àṣẹ ìrìnnà bá jáde fún ọ̀kan nínú wa láti lọ sókè òkun, kí ni ẹnì kejì á ṣe? Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí wo? Ọmọ mélòó, àti pé bí ọmọ bá pẹ́ kó tó dé ńkọ́? Ta ló ń gbọ́ bùkátà àwọn òbí wa, èló ló sì ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù? Gbèsè wo ló wà lọ́rùn wa? Bí ẹ bá ti sọ ìwọ̀nyí títí tí ẹ ti ń sọ "ilé wa" láìmọ̀, ìgbà náà ni kí o wá òrùka. Ìyàlẹ́nu ọjọ́ náà á kù sí ọjọ́, ibi àti bí o ṣe máa sọ ọ́, èyí sì tó ìyàlẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù lọ, torí ó ti fa omijé púpọ̀ nílùú yìí. Àwọn baba wa ń wádìí àìsàn ìdílé pẹ̀lú ìwọ̀nba ìmọ̀ tí wọ́n ní. Ìmọ̀ ti pọ̀ sí i lọ́wọ́ tiwa. Bí genotype ìwọ àti ọmọbìnrin náà bá jẹ́ AS, gbogbo ìgbà tó bá lóyún ni ìdá kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ náà á jẹ́ SS, ìyẹn ni pé á ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), kì í ṣe pé bí ẹ bá bí mẹ́rin, ọ̀kan péré ló máa ní in. Mo ti rí ilé tí ọmọ méjì àkọ́kọ́ ti ní in. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò genotype yín, ẹ sì tún un ṣe ní yàrá àyẹ̀wò míì, torí àṣìṣe máa ń wà nínú èsì. Kí ẹ ṣe é nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọra. Ẹni tó bá ti wọ òrùka níwájú èrò, tí fótò rẹ̀ ti kárí ayé, ojú á tì í láti sọ pé, "Ẹ̀jẹ̀ wa kò bára mu, ẹ jẹ́ ká dá a dúró." Ìtìjú yẹn ló ń sọ ọ̀pọ̀ di òbí ọmọ tó ń jẹ̀rora lóru.

Ó yá, ká ní gbogbo ìyẹn ti yanjú. Níbo ni kí o mú un lọ?

Ẹni tó o fẹ́ bi ni kí o wò, má wo bí fótò ṣe máa rí. Ọmọbìnrin tí ibi gíga ń kọ́ lóòyì, kí lo fẹ́ mú un lọ ṣe lórí àpáta? Ẹni tó ń bẹ̀rù omi kò ní rántí ọ̀rọ̀ kan tó o sọ létí òkun. Ẹlòmíràn wà tí ojú èèyàn ń tì. Fún irú rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò dára ju gbogbo òkè tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá lọ. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé níbo ni ara rẹ̀ ti máa ń balẹ̀, níbo ló ti máa ń rẹ́rìn-ín láìwo ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni kí o lọ.

Bí òkè bá wù ú lóòótọ́, Ìdànrè kò ní ẹgbẹ́ lójú tèmi. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 660 lọ kí ẹ tó dé ìlú àtijọ́ tí àwọn ará Ìdànrè gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, níbi tí ààfin àtijọ́ Ọwá, ọba wọn, ṣì wà. Bí ẹ kò bá gbéra ní kùtùkùtù, oòrùn á ti pa yín kí ẹ tó dókè. Ẹ gbé omi dání, ẹ máa sinmi níbi tí wọ́n ṣe fún ìsinmi, má sì jẹ́ kí ó wọ bàtà gogoro torí o fẹ́ kó múra. Sọ fún un lọ́jọ́ tó ṣáájú pé òkè lẹ ń gùn. Kò dìgbà tó o bá tan ọmọbìnrin kó tó yà á lẹ́nu. Kí ó sinmi dáadáa kí o tó sọ ohunkóhun; ẹni tí èémí rẹ̀ kò tíì padà wálẹ̀ kò lè fi gbogbo ọkàn gbọ́ ọ. Olúmọ rọrùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, mítà 137 ni gíga rẹ̀ sí ojú òkun, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ pè wọ́n kí o mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, pàápàá bí o bá fẹ́ kí ìyá-ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Má ṣe gbàgbé pé àwọn Ẹ̀gbá sá di àpáta yẹn nígbà ogun, wọ́n sì ń bọ ọ́ títí dòní. Bí olùtọ́nà bá ní ẹ má dé ibì kan, ẹ má dé ibẹ̀.

Omi Olúmirìn ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà náà dára. Ìpele méje ló ní, bí ẹ sì ṣe ń gòkè ni èrò ń dínkù. Àsìkò òjò lomi rẹ̀ máa ń pọ̀ tó máa ń dún, ìgbà yẹn náà sì ni àpáta máa ń yọ̀ jù. Ìpele àkọ́kọ́ ti tó fún ohun tó o fẹ́ ṣe. Jìnnà sí etí omi kí o tó yọ òrùka síta: bí ó bá bọ́ sínú omi yẹn, ó ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ ibi tó pa rọ́rọ́, ẹ lọ sí Ìkogòsì ní Èkìtì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn wá pàdé. Ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ lè tì bọ omi níbẹ̀ kí ẹ máa sọ̀rọ̀, ibùsùn àlejò sì wà nítòsí tí ẹ kò fi ní máa sáré lójú ọ̀nà lálẹ́.

Àwọn ará Èkó á ní kí ló dé tí n kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọgbà ẹranko àti igi tó wà ní Lẹ́kkí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, jẹ́ ibi tútù láàárín ariwo. Afárá orí igi tó wà níbẹ̀ gùn ní mítà 401. Má ṣe kúnlẹ̀ lórí afárá yẹn, mo bẹ̀ ọ́. Ó máa ń mì, ó sì tín-ín-rín, èèyàn lè wà lẹ́yìn yín tí ẹ̀rù ti ń bà tẹ́lẹ̀. Ẹ rìn ín tán, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá ìjókòó lábẹ́ igi. Ní ti etí òkun, ẹ lọ láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tí èrò kò pọ̀, ẹ má sì wọ inú omi. Ìgbì òkun Èkó lágbára, ó ti gbé ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ lọ rí. Ọgbà Àgódì ní Ìbàdàn ni màá yàn fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀: koríko wà, igi wà, adágún omi wà, ẹ sì lè gbé oúnjẹ yín dání, bí àwọn tó wà ní ẹnu ọ̀nà bá ti gbà.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ ronú jinlẹ̀ lé lórí kí ẹ tó lọ, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ó rẹwà, ayé gbogbo sì mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí UNESCO ti kọ ọ́ mọ́ ohun ìní àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Àmọ́ ojúbọ ni. Àwọn obìnrin máa ń wá síbẹ̀ wá tọrọ ọmọ, ẹnìkan kì í ṣọdẹ tàbí pẹja níbẹ̀. Bí ìwọ àti ẹni tó ò ń fẹ́ bá jẹ́ ọlọ́ṣun, ẹ lọ bá àwọn àgbà ibẹ̀, wọ́n á sọ ohun tó tọ́ fún yín. Bí ẹ kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wò ó kí ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ gbé òrùka lọ sí ibòmíràn. A kì í fi ojúbọ ẹlòmíràn ṣe ibi ìyàwòrán.

Ibi yòówù kó jẹ́, lọ síbẹ̀ ṣáájú, ní wákàtí kan náà tó o fẹ́ mú un lọ. Wàá rí ohun tí fótò orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè fi hàn ọ́: ibi tí oòrùn ń gbà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n tì pa, àwọn tó ń lu ìlù tọrọ owó, bóyá ọ̀nà ti bàjẹ́. Béèrè iye owó ìwọlé, aago tí wọ́n ń ti géètì, àti bóyá wọ́n ń gba owó lórí kámẹ́rà ńlá. Gba àṣẹ bí o bá fẹ́ to òdòdó tàbí tan iná. Bí ẹ bá máa rin títì márosẹ̀, ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ilẹ̀ wa, láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí aago méje kọjá díẹ̀ loòrùn ń wọ̀, kì í sì í pé ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà kí òkùnkùn tó bolẹ̀. Má jẹ́ kí ẹwà ìwọ̀ oòrùn tàn ọ́ débi tí ẹ̀yin méjì péré á fi kù nínú igbó. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé ibi tí ẹ lọ.

Òjò ńkọ́? Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje ni òjò máa ń pọ̀, ó máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ó tún máa ń padà wá ní oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹwàá. Má sì gbọ́kàn lé oṣù kẹjọ jù: ọjọ́ tó parí oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni omi Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, ọgbà Àgódì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ náà sì wà lára ohun tó bàjẹ́. Oṣù kọkànlá ni mo fẹ́ràn jù fún irú nǹkan báyìí. Òjò ti ń lọ, ewéko ṣì tutù, ọyẹ́ kò tíì mú eruku dé. Nínú ọyẹ́, ètè á bó, orí òkè á sì dúdú fún kùrukùru débi pé ẹ kò ní rí ìlú tí ẹ gòkè lọ wò. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, oṣù kejìlá kò yẹ yín rárá. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ loòrùn ti wọ̀ níbẹ̀, ọwọ́ tó bá sì ti kú fún òtútù kò lè mú òrùka dáadáa. Ìgbàkígbà tó bá jẹ́, ní ibi kejì tó ní òrùlé lọ́kàn. Bí òjò bá sú, ẹ gba ibẹ̀ lọ, ẹ má bínú.

Nípa òrùka, lọ sọ́dọ̀ àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó gbọ́n, kí ó bá ọ wọn ìka rẹ̀ tàbí kí ó yá ọ ní òrùka rẹ̀ kan fún ọjọ́ kan. Fi í sí àpò tó ní síìpù. Má fi í sínú àkàrà òyìnbó tàbí ife ọtí, ẹnu àti ọ̀fun kì í ṣe ibi eré. Kò sì yẹ kí o yá owó rà á. Ẹrù ìdána ṣì ń bọ̀: iṣu, tó jẹ́ 42 ní ọ̀pọ̀ ilé, obì, orógbó, ataare, oyin, iyọ̀, epo, aṣọ, àti ohun gbogbo tí wọ́n bá kọ sínú ìwé fún ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ilé. Mo mọ àwọn tó jẹ gbèsè nítorí ọjọ́ òrùka, tí ìdána wá ń sún síwájú títí tí inú àwọn àna fi bàjẹ́.

Ta ni kó wà níbẹ̀? Alárinà kan tó. Ọ̀rẹ́ kan tí ẹ̀yin méjèèjì fọkàn tán, tí á mọ ibi tí ẹ wà, tí á gbé òdòdó dání, tí á sì ya fótò láti òkèèrè bí ọmọbìnrin náà bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn fótò. Àwọn àgbà ní bí olólùfẹ́ méjì bá ti mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Kí ọ̀rẹ́ rẹ náà yẹ̀bá. Bí ẹ bá jẹ́ Mùsùlùmí tí kò fẹ́ dá wà ní kọ̀rọ̀ kí ìtọrọ tó wáyé, ẹ mú ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò dání, kí ó jókòó síbi tí á ti rí yín tí kò ní máa gbọ́ yín. Àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó kù lè máa dúró nílé pẹ̀lú jọ̀lọ́ọ̀fù. Nígbà tí ẹ bá dé, tí ọmọbìnrin bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà, ẹ jó dọ́ba.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ. Ibí yìí ni ẹ ti ń ṣe ojú ayé jù, tí ẹ ń sọ ohun tí ẹ gbọ́ nínú fíìmù. Ọmọ Yorùbá ni ọ́, bí ọmọbìnrin náà bá sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, ó ní oríkì. Lọ bá ìyá-ìyá rẹ̀ tàbí ìyá-bàbá rẹ̀ ṣáájú, mú nǹkan dání, kí o sì béèrè pé kí ni wọ́n ń pè é nígbà tó wà ní kékeré. Àṣàkẹ́ ni? Àbẹ̀kẹ́ ni? Àníkẹ́ ni? Kí màmá náà kọ́ ọ ní oríkì orílẹ̀ wọn, bó tiẹ̀ jẹ́ ìlà mẹ́ta. Ọjọ́ tó o bá dúró níwájú rẹ̀ tó o pè é ní orúkọ tí ìyá àgbà fi ń kì í, orí rẹ̀ á wú, á sì mọ̀ pé o ti dé ìdí igi òun. Lẹ́yìn náà sọ ohun tó o rí lára rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò rí: ọjọ́ tó bá ọ gbé màmá rẹ lọ sí ọsibítù, ọjọ́ tí owó kò sí tí kò pariwo. Sọ ohun tó o máa ṣe, má ṣe ìlérí ohun tí agbára rẹ kò ká. Kí o wá bi í, kí o sì dákẹ́. Jẹ́ kí ó wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀.

Ṣé kí o kúnlẹ̀ ni? Bó bá wù ọ́, kúnlẹ̀. Bí kò bá wù ọ́, dúró tàbí kí ẹ jọ jókòó, kò dín ohunkóhun kù. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé ìkúnlẹ̀ yìí kò san gbèsè ìdọ̀bálẹ̀. Ọjọ́ ìdána, àyà rẹ á kan ilẹ̀ níwájú bàbá àti ìyá rẹ̀, ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Àwọn ọmọbìnrin kan ti bi mí bóyá àwọn náà lè béèrè. N kò mọ èèwọ̀ kankan tó ní kí obìnrin má sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn. Ohun tí mo sọ fún ọkùnrin náà ni mo sọ fún wọn: ẹ má fi èrò ká a mọ́.

Bó bá ní, "Jẹ́ kí n ro ó," ojú rẹ kò gbọ́dọ̀ yí padà. Ti òrùka bọ àpò, sọ pé o gbọ́, kí ẹ jẹun, kí o sì mú un padà délé ní àlàáfíà. Bó bá ní rárá, bákan náà ni. Ìwọ lo mú un jáde, ìwọ lo gbọ́dọ̀ mú un dé ilé àwọn òbí rẹ̀. Ẹni tí kò lè gbọ́ "rárá" lórí òkè láìbínú, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí fún obìnrin tó bá máa bá a gbélé. Ìwọ ọmọbìnrin náà, bí èrò bá ká ọ mọ́ tí ọkàn rẹ kò sì lọ, o lè fà á dìde kí o sọ sí i létí pé, "Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nílé." Bó bá jẹ́ pé o ti gba òrùka nítorí ojú èèyàn, o lè dá a padà lọ́la. Kò sí àṣà Yorùbá tó ní òrùka orí òkè ti di ìgbéyàwó. Àwọn ẹbí kò tíì pàdé, wọn kò tíì tọrọ, wọn kò tíì dána, ọmọ ilé bàbá rẹ ṣì ni ọ́.

Bó bá sì gbà, tí inú yín dùn, tí òrùka ti wọ ìka, ẹ dá ọwọ́ fóònù dúró ná. Ẹ má tíì gbé e sí WhatsApp, ẹ má tíì gbé e sí Facebook. Mo ti rí ìyá tó gbọ́ láti ẹnu oníbàárà rẹ̀ lọ́jà pé ọmọ òun ti ní àfẹ́sọ́nà, mo sì rí bí ó ṣe rẹ́rìn-ín kí ojú má baà tì í. Ẹ pe ìyá rẹ̀ àti bàbá rẹ̀ láti orí òkè yẹn gan-an bí néétìwọ́ọ̀kì bá wà. Ẹ pe àwọn òbí tìrẹ náà. Bí bàbá bá ti kú, ẹ pe ẹ̀gbọ́n bàbá. Kí ìwọ ọmọkùnrin fi ẹnu ara rẹ sọ fún wọn pé àwọn ará ilé rẹ ń bọ̀ wá rí wọn, kí o sì bá àwọn àgbà ilé rẹ mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kí oṣù náà tó parí.